Àdúrà Tí Mo Gbà fún Màámi Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òtútù ló kọ́kọ́ ń kí èèyàn káàbọ̀ sí ìlú òyìnbó, ẹ bá mi sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Èèyàn lè wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà nítorí òtútù, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ wọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́? Okokomáíkò ni wọ́n bí mi sí, Ìbà ni mo gbọ́njú sí. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kò bá pariwo, ladání á pè. Bí ladání bá dákẹ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tiwa á gbà á. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo dé abúlé tí wọ́n mú mi lọ, mo jí, mi ò gbọ́ kíún. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ìka ro etí mi, mo rò pé ó ti di.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé mi lọ. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, ní ilé ìwé aládàáni kan ní Igbó-Elérin. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ìtàn se ọbẹ̀. Ìyá kan ni wọ́n fi mí tì. Opó ni, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń jókòó sí tí a ó máa tì wọ́n kiri.

"Dórìsì ni kí o máa pè mí," ni wọ́n wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo wo irun orí wọn tó funfun bí òwú. Èmi! Kí n la ẹnu mi gbàgà kí n pe ẹni tó ju ìyá mi lọ lórúkọ! Bí Màámi bá gbọ́ ọ ní Ìbà, wọ́n á ní mo ti ya ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, mi ò lè ṣe é. Mọ̀mí ni n ó máa pè yín."

Wọ́n kọjú sí fèrèsé. "Mi ò bímọ rí," ni wọ́n wí. "Ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí." Láti ọjọ́ náà, Mọ̀mí ni wọ́n ń jẹ́.

Nígbà tí ọkọ Mọ̀mí wà láyé, ohun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù ni kí wọ́n máa wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kiri. Kì í ṣe pé wọ́n ń lọ jọ́sìn o. Wọ́n á wọlé, wọ́n á gbójú sókè wo òrùlé, wọ́n á wo gíláàsì aláràbarà ojú fèrèsé, wọ́n á fọwọ́ pa ògiri lára, wọ́n á jẹ búrẹ́dì tí wọ́n dì dání, wọ́n á sì tún gbéra lọ sí abúlé tó kàn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó ti dúró kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀ tó dáyé. Láti ìgbà tí ọkọ ti kú, kò sí ẹni tó gbé Mọ̀mí lọ mọ́.

"Ṣé o lè wa mọ́tò?" ni wọ́n bi mí.

Ẹni tó ti wa mọ́tò la Ajangbadi já nígbà òjò, kí ló kù tí kò lè wà? Àṣé wọn ò ka ìyẹn sí. Mo ṣe ìdánwò wọn, mo já. Mo tún un ṣe, mo tún já. Wọ́n ní mò ń fun fèrè jù, àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù. Ìgbà tí mo wá yege, Màámi ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn nínú fóònù.

"Fúnkẹ́! Fúnkẹ́, sáré wá gbọ́! Àkọ́bí mi ti di dẹ́rẹ́bà òyìnbó!"

Fúnkẹ́ ni àbúrò mi, àwa méjèèjì nìkan ni Màámi bí. Bàbá wa kú nígbà tí Fúnkẹ́ ṣì ń rá, máṣíìnì ìránṣọ ni Màámi fi tọ́ wa. Sùtánà ni wọ́n ń rán, aṣọ funfun gbọlọjọ tí àwa ìjọ aláṣọ funfun ń wọ̀ lọ sí ilé àdúrà. Bí ẹ bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Okokomáíkò lọ́jọ́ Ìsinmi, agbára káká lẹ fi máa rí ẹni tó ń wọlé tí kì í ṣe Màámi ló rán aṣọ ọrùn rẹ̀. Wọn kì í sábà pè mí lórúkọ. Àkọ́bí ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo lọ, Fúnkẹ́ ló dúró tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tí mo gbé Mọ̀mí lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ọlọ́dẹ, kò sí ajá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá àbẹ́là tó ń dán wà lórí pẹpẹ. Mo ní háà! Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tiwa wà nínú àgò irin, àgò náà wà nínú yàrá, èèyàn tún ń sùn tì í, wọ́n sì tún jí i gbé nígbà kan. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Mọ̀mí bi mí.

"Ilé Ọlọ́run ni, Mọ̀mí. Ní ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà wọ̀ ọ́."

"Wàá ganpa o!"

Mo ganpa lóòótọ́. Òkúta ilẹ̀ yẹn tutù débi pé mò ń gbé ẹsẹ̀ bí adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àgbàlá tí kò mọ̀ rí. Mọ̀mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ní ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, mo bọ́ bàtà mi tán, mo fẹ́ máa tì wọ́n wọlé, wọ́n ní kí n dúró. "Bọ́ tèmi náà," ni wọ́n wí. Mo kúnlẹ̀, mo bọ́ ọ. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe ń wọ ilé Ọlọ́run láìwọ bàtà káàkiri àwọn abúlé yẹn, tí àwọn òyìnbó tó bá bá wa níbẹ̀ ń wò wá bíi pé orí wa ti dàrú.

Gbogbo ibi tí a bá dé ni mo ti ń fi fídíò pe Màámi. Mo máa ń yí fóònù káàkiri fún wọn. Wọ́n á ní kí n rọra, kí n padà sí ti fèrèsé yẹn, áńgẹ́lì wo nìyẹn, kí ló mú dání. Lọ́jọ́ kan, mo gbé Mọ̀mí lọ sí ábè, ilé ńlá tí àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run máa ń gbé láyé àtijọ́, tí wọ́n ti ń gbàdúrà tọ̀sán-tòru. Ọba kan ló lé wọn jáde, ó ká òrùlé rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ògiri nìkan ló dúró, koríko hù nínú rẹ̀, àgùntàn ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń sanwó kí wọ́n tó wọlé wò ó.

"Ṣọ́ọ̀ṣì tó wó ni wọ́n ń sanwó wò?" ni Màámi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Kí wọ́n wá fi owó yẹn kàn án ní páànù ńkọ́? Àbí wọn ò ní ẹgbẹ́ ọkùnrin nínú ìjọ yẹn ni?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mọ̀mí. Wọ́n ní ìbéèrè tó dára ni, pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó rò ó rí.

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣì ní òrùlé, orúkọ èèyàn wà lára òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Látìnì ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn sì ti pa èyí tó kù rẹ́, orúkọ nìkan ni ojú mi ń rí dì mú. Ẹ má bú mi fún ohun tí mo rò. Ní ilé, bí ìjọ bá fẹ́ tẹ́ táìlì, wọ́n á pín in láàárín wa, ẹni tó bá ra tirẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tí gbogbo ayé á ti rí i. Orúkọ wà lẹ́yìn àga, orúkọ wà lára fáànù. Màámi alára, orúkọ wọn wà lókè fèrèsé tó wà lápá ibi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí. Mo sì ti rí itẹ́ òkú àwọn òyìnbó níta, òkúta dúró lórí olúkúlùkù wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló tán sí.

"Kí ni wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn?" ni Màámi bi mí.

"Orúkọ àwọn tó ra táìlì ni."

"Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe mọ oore! Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé jẹ èrè rẹ̀."

Mo ní àmín.

Ìgbà tí a wà lẹ́nu ayọ̀ yìí ni ẹsẹ̀ Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n ní ìdúró pípẹ́ ni. Lẹ́yìn náà wọn ò lè tẹ máṣíìnì mọ́, wọ́n ń mí gúlegúle bí wọ́n bá ti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Fúnkẹ́ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ìgbà tó pè mí, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, bíi pé ẹnìkan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀. Ó ní oògùn ni a ó máa fi tì í, pé kò ní padà sí bó ṣe wà."

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò sunkún, wọn ò kérora. "Àkọ́bí, má da ara rẹ láàmú," ni wọ́n wí. "Ohun kan ni mo ń tọrọ. Wá kí n rí ọ. Kì í ṣe inú fóònù. Kí n fọwọ́ mi kàn ọ́. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn ọ́, ìgbàkigbà tí Ọlọ́run bá ní kí n máa bọ̀, n ó dìde."

Kí ni n bá tún máa rò? Ohun tí ìyá bá tọrọ lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbélùú mi ti ń parí lọ nígbà náà, mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fún mi ní tuntun, òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá jáde ní ìlú kí wọ́n tó dá a lóhùn, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìwé náà ya. Kò ní lè wọlé mọ́. Iṣẹ́ á bọ́, oògùn Màámi á dúró. Bí mo bá lọ, mo pa wọ́n. Bí mo bá dúró, wọn ò rí mi. Mo bi àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, gbogbo wọn ló ní kí n dúró. Mo dúró.

"Ìgbà wo ni wọ́n á dá ọ lóhùn?" ni Màámi ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè.

"Wọ́n ní kò ní pẹ́, Màámi."

"Bá mi sọ fún wọn pé ìyá rẹ ń dúró."

Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Wọn ò lójú, wọn ò nímú, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà. Nítorí náà, Ọlọ́run ni mò ń sọ fún. Ṣọ́ọ̀ṣì yòówù kí a dé, bí mo bá ti gbé Mọ̀mí síbi tí oòrùn ti ń wọlé, n ó lọ síwájú pẹpẹ, n ó na gbọọrọ sílẹ̀, n ó fi iwájú orí mi lé òkúta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìjọ. Mo ń pè é ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀. Mo ní kí ó wo Màámi sàn. Mo ní tí kò bá ní wò wọ́n sàn, kí ó dá wọn dúró dè mí. Mọ̀mí kò dí mi lọ́wọ́ rí. Bí mo bá dìde, wọ́n á nawọ́ hánkáṣíìfù sí mi.

Lọ́jọ́ kan, Mọ̀mí kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mú ọkàn mi kúrò nínú ẹkún. Wọ́n ní, "Olówó abúlé ni ẹni yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ o, tí wọ́n fi sún un mọ́ pẹpẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹni wo, Mọ̀mí?"

"Ẹni tí o dùbúlẹ̀ lé lórí."

Mo wo ẹ̀yìn mi, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Mọ̀mí na ìka sílẹ̀. "Abẹ́ ibẹ̀ ló wà. Àwọn yòókù náà, níbikíbi tí o bá ti rí orúkọ. Abẹ́ ilẹ̀ tí a wà yìí ni wọ́n sin gbogbo wọn sí."

Ye! Mo fò kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó tẹ iná, mo tún balẹ̀ sórí ẹlòmíràn! Kò sí ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe aláṣọ funfun lè má mọ̀: a kì í gbé òkú wọ inú ilé àdúrà wa. Ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú gbọ́dọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì gbàdúrà sí i lórí, kó tó tún lè wọlé. Èmi ńkọ́? Mo ti fi orí kan wọn, mo ti fi ẹnu kan wọn, láti abúlé dé abúlé, mo ń tọrọ ẹ̀mí ìyá mi lórí sàréè. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, Mọ̀mí ló rán mi létí.

Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo pe Màámi, mo sọ fún wọn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Gbogbo àwọn orúkọ tí o fi hàn mí yẹn?"

"Gbogbo wọn, Màámi."

"Àwọn tí mo ní kí wọ́n pẹ́ láyé jẹ èrè rẹ̀?"

Ẹ̀rín pa wọ́n! Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ó di ikọ́, Fúnkẹ́ ń pariwo lẹ́yìn pé "Màámi, ó tó, ẹ sinmi," wọ́n sì tún bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní kí n bu iyọ̀ sínú omi, kí n ka Sáàmù sí i, kí n fi wẹ̀, kí n má sì jẹ́ kí ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Mo ṣe é nínú básì ìwẹ̀ Mọ̀mí. Gbogbo iyọ̀ inú ilé ni mo dà sí i. Ní ọjọ́ kejì, Mọ̀mí jẹ ẹyin láìsí iyọ̀, wọn ò bi mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Màámi. "Wọ́n ń gbé tiwọn wọlé," ni wọ́n wí nígbà tí mo tún pè. "Ibi tí wọ́n ti ń kọrin gan-an ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Ó mà dára o."

"Màámi, ẹ má sọ irú rẹ̀."

"Kí ni mo sọ? Tìrẹ ni kí o lọ máa gbàdúrà. Wẹ̀, kí o padà lọ. Ṣùgbọ́n má tọrọ ìwòsàn mọ́. Ní kí ó jẹ́ kí wọ́n dá ọ lóhùn níbẹ̀ yẹn. Ojú rẹ nìkan ni mo ń fẹ́."

Mo padà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òkúta náà dáadáa nísinsìnyí tí mo ti mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Èyí tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, ohun kan náà ló wà lára púpọ̀ nínú wọn: lágbájá, ti ìjọ yìí, ti àdúgbò yìí. Ó ká mi lára. Àgbẹ̀ kan tí kò kúrò ní abúlé rẹ̀ rí, wọ́n mọ ibi tí yóò sùn sí. Èmi ńkọ́? Bí mo bá wọ ilé ìtajà, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo ti wá. Bí mo bá pe ilé, àwọn ará ìjọ wa á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ rántí wa o." Èmi tí wọ́n ń pè ní ti ibẹ̀ ní ilé, tí wọ́n ń pè ní ti ilé níbẹ̀, ìjọ wo ni wọ́n fẹ́ kọ sí ara tèmi? Ìgbà mìíràn n ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, n ó máa jowú òkú.

Kì í ṣe pé ayé burú níbẹ̀ látòkèdélẹ̀ o. Mọ̀mí ti ń jẹ ata rodo, wọ́n á máa fẹ́ ẹnu, wọ́n á tún nawọ́ abọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní abúlé wa, ẹni tó ń tẹ dùùrù kò wá, àwọn arúgbó díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ń wo ara wọn. Mo gbé orin ìyìn kan ní Yorùbá. Ohùn orin náà wà nínú ìwé tiwọn náà, wọ́n bá a lọ ní Gẹ̀ẹ́sì, òrùlé àtijọ́ yẹn dún. Nígbà tí a parí, bàbá kan di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ sáré lọ pe Màámi kí n sọ fún wọn. Mo rántí pé wọ́n ń sùn ní àsìkò yẹn, mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi, n ó sọ ọ́ bó bá dọ̀la.

Ní ọ̀la náà, mò ń se oúnjẹ àárọ̀ Mọ̀mí lọ́wọ́ nígbà tí Fúnkẹ́ pè. Fúnkẹ́ kì í pè mí láàárọ̀.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ wà ní ìjókòó?"

Mo pa iná ìdáná.

"Àǹtí mi, Màámi ti sùn o."

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, Mọ̀mí ti kẹ̀kẹ́ ara wọn wá bá mi nílẹ̀ kíṣìnì, ohun tí wọn ò lè ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Mọ̀mí bi mí pé ibo ni mo fẹ́ wà. Mo ní ábè tí kò ní òrùlé yẹn ni. Mo mọ̀ pé ìta ni wọ́n máa gbé Màámi sí. Gbogbo aṣọ tí wọ́n rán fún ìjọ yẹn, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbá níbẹ̀, òkú wọn kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà, nítorí bí òfin wa ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó lọ. Bí wọ́n bá wà níta, èmi náà fẹ́ wà níta.

Mo jókòó sórí ògiri tó ti wó, Mọ̀mí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a jọ ń wo fóònù. Mo rí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Okokomáíkò, wọ́n ta kánópì, wọ́n gbé pósí sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọ jáde wá bá wọn níta, funfun báláú. Kò sí aṣọ kan níbẹ̀ tí ọwọ́ Màámi kò kàn. Wọ́n gbé wọn lọ sí Ìbà, sí ẹ̀yìn ilé wa. Nígbà tí ó kan erùpẹ̀, àkọ́bí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ bù ú. Mo rí Fúnkẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó bu ẹ̀kúnwọ́, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere: "Èyí ni ti àǹtí mi." Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti bu tirẹ̀. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé já, mi ò rí èyí tó kù.

Ìwé náà dé lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò ní sọ bó ṣe pẹ́ tó, nítorí bí mo bá sọ ọ́, n ó ṣépè. Wọ́n ní inú wọn dùn láti sọ fún mi pé mo lè jáde, mo sì lè wọlé. Mo kó ẹrù, mo gbọ́nà ilé.

Ìbà kò yí padà púpọ̀. Àwọn aládùúgbò kí mi káàbọ̀, wọ́n bá mi sunkún, wọ́n ní mo ti pupa. Fúnkẹ́ nìkan ni mi ò mọ bó ṣe rí. Ó ń dáná fún mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń ṣe "Àǹtí mi, ẹ jẹun," ṣùgbọ́n kì í jókòó tì mí. Bí mo bá wọ yàrá, ó ti rí iṣẹ́ kan ṣe níta. Mo rò pé ó ń bínú sí mi pé mi ò wá. Ó tọ́ sí i. Mo gbé aṣọ àti bàtà tí mo rà fún un kalẹ̀, ó dúpẹ́, kò wọ̀ ọ́ wò.

Ọ̀sán àná ni mo lọ bá a níbi tó ti ń ká aṣọ lórí okùn. Mo ní, "Fúnkẹ́, kí ni Màámi sọ kẹ́yìn?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

"Mò ń bi ọ́. Ṣé wọ́n bínú sí mi ni?"

Ó dúró, aṣọ wà léjìká rẹ̀. "Wọn ò bínú. Wọ́n rí yín."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ.

"Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n lọ," ni Fúnkẹ́ wí, "ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Mo gbé omi wọlé kí n fi nù wọ́n lára. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, 'Àkọ́bí, o dé?' Mo fẹ́ sọ pé èmi Fúnkẹ́ ni. Àǹtí mi, ẹ ò rí ojú wọn bó ṣe là. Mo ní, 'Mo ti dé, Màámi.'"

Mo di òpó okùn mú. Mo ní, "Fúnkẹ́, Ọlọ́run á ṣe é fún ọ. O ṣe é fún mi. Ohun tí wọ́n ń tọrọ náà ni o fún wọn." Mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó sún sẹ́yìn, ó mi orí, kò tíì parí.

"Wọ́n fọwọ́ pa mí lójú, wọ́n fọwọ́ kan imú mi, etí mi, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n súre fún yín, wọn ò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe àmín. Wọ́n wá ní, 'Fúnkẹ́ dà? Kò tiẹ̀ wá kí ọ káàbọ̀?'"

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ó lọ ra oògùn ní Ìyànà Ìbà, pé ó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè é, pé wọn ò tíì súre fún un." Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún tú u. "Wọ́n ń bi mí ṣáá, Àǹtí mi. 'Fúnkẹ́ ò tíì dé?' Mo ní ó ń bọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọjú sí tí wọ́n fi lọ. Èmi ni wọ́n ń retí, èmi náà ni mo di ọwọ́ wọn mú."